Dúdú Tí Alojzy Mọ̀

Ní Katowice, ọjọ́ Sátidé, yìnyín ń yọ́ lára bàtà wọn
sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.
Bàbá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin,
owó wọn nínú àpòòwé, wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta nílé.
Bogna ń wá mọ́nítọ̀ géèmù.
Bàbá ní kí n gbọ́ dáadáa: ti géèmù nìkan kọ́ o.
Ibẹ̀ náà lòun á ti máa san owó iná,
tí òun á ti máa ka èsì eré ìje ẹyẹlé,
tí òun á ti máa rí ojú Gerard ọmọ òun ní Dortmund
ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú.
"Ojú kan, olóhun méjì," ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu iṣẹ́ mi.
Mo ní íǹṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo ní ọgọ́sàn-án hẹ́ẹ̀tìsì,
mo ní èyí tó tẹ̀ bí inú igbá.
Bogna ti mọ gbogbo rẹ̀ jù mí lọ.
Bàbá ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo òjò tó ṣú tí kò ní rọ̀.

"Fi ẹyẹlé hàn mí."
Mo wá fídíò kan: agbo ẹyẹlé ń fò kọjá òrùlé.
Lórí mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́, apá wọn ń fa ìrù bí èéfín.
"Ẹyẹ tí n ò bá lè rí ìyẹ́ rẹ̀,
báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi ni?"
Lórí èkejì, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró,
ó ń gé afẹ́fẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.
Bogna ní, "Opa, ohun tí mo ti ń sọ láti oṣù Kẹwàá nìyẹn!
Báyẹn làwọn tó ń yìnbọn sí mi ṣe ń sáré."

"Ó dáa. Fi òkùnkùn hàn mí."

Ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi rí.
Mo pa iná orí wa, mo sọ mọ́nítọ̀ mẹ́ta di dúdú.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ wọn
bí ẹni fẹ́ gbọ́ èémí wọn.
Àkọ́kọ́: "Eérú." Ó kọjá.
Èkejì ń mọ́ bàìbàì ní igun,
àfi bí ẹni gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀.
"Ẹnìkan ń gbé fìtílà bọ̀ níbí.
Lọ́jọ́ mìíràn inú wa ì bá dùn sí i.
Ṣùgbọ́n òkùnkùn kọ́ nìyí."
Ní iwájú ẹ̀kẹta, ó dákẹ́,
ó dákẹ́ títí Bogna fi fọwọ́ kàn án lápá.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ló wá wí,
"ẹgbẹ̀rin mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ká máa wa èédú.
Bí fìtílà orí ẹni bá kú níbẹ̀,
dúdú kì í ṣe àwọ̀ mọ́. Ó wúwo.
Èjìká ẹni ló ń jókòó lé.
Eléyìí… eléyìí mọ̀ ọ́n díẹ̀."

Mo ní láti sọ òótọ́ fún un:
ó fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún sílọ́tì ju àpòòwé wọn lọ,
àti pé ohun tó bá pẹ́ jù lójú rẹ̀
a máa fi àpá sílẹ̀ níbẹ̀.
Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi náà."
Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sí mi: àpá búlúù,
èédú tó ti sùn sínú awọ.

Bogna ló dájọ́. "Èkejì la ó mú.
Èyí tí ẹnìkan ń gbé fìtílà bọ̀."

Wọ́n gbé e jáde, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn,
wọ́n ń sáré bá tíráàmù.
Mo tún nu ilẹ̀.
Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá yọrí wọlé, kò gbẹ́sẹ̀ wọ̀ ọ́:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé páálí òfìfo wà ńlẹ̀?
Abo kan fẹ́ yé ẹyin, kò sì gbà fún àtẹ̀yìnwá."